Elégédé Tó Há Sí Àárín Irin Méjì

Gbogbo ẹni tó bá wá sí ilé wa ní Ìbà fún ìgbà àkọ́kọ́ ló máa ń béèrè ìbéèrè kan náà: ṣé olè ti jà yín rí ni? Rárá, olè kò jà wá rí. Wẹ́dà ni mí, iṣẹ́ irin jíjó ni mò ń ṣe lẹ́bàá títì ní Òkokomáìkò, mo sì jẹ́ ẹni tí ẹ̀rù tètè máa ń bà. Bí iṣẹ́ irin àti ẹ̀rù bá pàdé lára ẹnì kan ṣoṣo, irú ilé tí onítọ̀hún máa gbé kò ṣòro láti mọ̀.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni a wà, yàrá méjì pẹ̀lú fàráńdà kékeré tó kọjú sí àgbàlá. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni ọmọbìnrin wa nígbà tí a kó débẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, mo ti fi irin dí ojú fàráńdà náà láti ilẹ̀ dé àjà. Ínṣì mẹ́rin ni mo fi sí àárín irin kan sí èkejì. N kò ṣàdédé mú ínṣì mẹ́rin: mo ti fi tépù wọn orí ọmọ náà nígbà tó ń sùn lọ́sàn-án, ní iwájú, ní ẹ̀gbẹ́, àti láti àgbọ̀n dé àtàrí, kí ó lè dá mi lójú pé kò sí bó ṣe lè yọrí.

Lẹ́yìn ọdún méjì, oníbàárà kan sọ fún mi pé àwọn olè ti ń fi jáàkì mọ́tò ṣí irin ojú fèrèsé ní àdúgbò kan lẹ́yìn Ọ̀jọ́. N kò béèrè ta ló rí wọn. Mo padà sílé, mo sì ṣe irin mìíràn sí ẹ̀yìn ti àkọ́kọ́, ínṣì mẹ́rin sí mẹ́rin bíi tirẹ̀, pẹ̀lú àlàfo ínṣì méje láàárín méjèèjì. Bí irin ṣe wà níwájú irin nìyẹn. Àwọn ará ilé wá wò ó. Aládùúgbò wa kan wà tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ológun, Sójà ni gbogbo wa ń pè é. Ó dúró sí ìsàlẹ̀, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó wo òkè fún ìgbà díẹ̀.

Ó ní, "Wẹ́dà, ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi gbé inú báráàkì Ọ̀jọ́. Yàrá tí a ń ti àwọn ọ̀daràn mọ́ níbẹ̀, irin kan ṣoṣo ló ní."

Mo dá a lóhùn pé ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sá jáde. Mo rò pé mo ti mú un.

Ọdún bíi márùn-ún kọjá. Nígbà náà ni owó epo fò sókè tí gbogbo nǹkan sì tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò tíì rí ìrẹsì rà kì í ronú irin ojú fèrèsé, nítorí náà iṣẹ́ mi dínkù. Ìyàwó mi ń ta ìwé àti gègé nítòsí yunifásítì, òun náà sì sọ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń yá gègé lọ́wọ́ ara wọn. Nídìí oúnjẹ alẹ́, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn ju ohun tó wọ́n lónìí tí kò wọ́n lánàá. Èmi ni mo máa ń sọ ọ́ jù, mo sì máa ń sọ ọ́ pẹ̀lú iye rẹ̀ gan-an, nítorí n kò fẹ́ràn kí ènìyàn máa fi àfojúdá sọ̀rọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyàwó mi fi ìdérí bo abọ́ ẹ̀bà.

Ó ní, "Láti òní lọ, kò sí ẹni tó máa fọwọ́ kan oúnjẹ nínú ilé yìí àfi tó bá kọ́kọ́ sọ nǹkan dáadáa kan tó rí lónìí."

Ọmọbìnrin wa ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà yẹn. Kò ronú rárá. Ó ní òun rí ewúrẹ́ kan tó sùn sábẹ́ agboòrùn ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń ta káàdì, tí ọ̀dọ́mọbìnrin náà sì yí agboòrùn sí ọ̀dọ̀ ewúrẹ́ náà nígbà tí oòrùn yí. Ìyàwó mi ní oníbàárà kan san owó ìwé, ó lọ, ó tún padà wá nítorí pé ó gbàgbé láti kí òun pé ó dàárọ̀. Wọ́n wá kọjú sí mi.

Mo ní, "Lónìí, ọkọ̀ kankan kò gbá ẹnikẹ́ni nínú wa."

Ọmọ náà wò mí. Ó ní, "Dádì, ìyẹn kì í ṣe nǹkan dáadáa. Nǹkan burúkú tí kò wá ni."

Mo gbìyànjú ní ọjọ́ kejì. Mo ní iná irin kò ta sí mi lójú. Ó mi orí. Ní ọjọ́ kẹta, mo ní bàtírì agogo mi kò tíì kú. Ó wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní, "Jẹ́ kó máa jẹun, ẹ̀bà ti ń tutù." Bí mo ṣe ń jẹun nínú ilé mi nìyẹn, pẹ̀lú àánú.

Bí àìrí-nǹkan-sọ mi ṣe burú tó, ohun tí mo ń fi kún tiwọn burú jù ú lọ. Nígbà tí ọmọ náà sọ̀rọ̀ ewúrẹ́, mo kìlọ̀ fún un kó má fọwọ́ kan ewúrẹ́ tí kò mọ olówó rẹ̀. Ó ní òun gba ipò kejì nínú eré sísá, mo béèrè bóyá ó so okùn bàtà rẹ̀ dáadáa. Ó ní òjò pa òun àti ọ̀rẹ́ òun, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí dé ilé, mo lọ wá òògùn ibà. Tí mo bá ti sọ gbólóhùn mẹ́ta, nǹkan dáadáa rẹ̀ á ti di ẹjọ́ tó ní láti rò.

Àkókò yẹn ni ìyàwó mi ra elégédé díẹ̀ láti ọjà Ìyànà-Ìbà, tí ọmọ náà sì fi hóró kan pamọ́. Ó bu yẹ̀pẹ̀ sínú ike ọ̀dà tó ti sán, ó gbé e sí fàráńdà, ó gbin hóró náà síbẹ̀. Ní ọjọ́ tó hù, ó sọ ọ́ nídìí oúnjẹ. Mo ní kó ṣọ́ra kí omi má dúró nínú ike náà, kí ẹ̀fọn má bàa bímọ síbẹ̀. Mo lu ihò mẹ́fà sí ìdí ike náà. Ní ọjọ́ tí ìtàkùn rẹ̀ di irin mú, ó sọ ọ́. Mo ní kó máa wo ilẹ̀ kó má bàa fẹsẹ̀ kọ́ ọ. Nígbà tó yọ òdòdó pupa rúsúrúsú tí oyin sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá, mo ra òògùn kòkòrò, ìyàwó mi sì gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi pamọ́ síbi tí n kò tíì rí títí di òní.

Màmá kan ń gbé nísàlẹ̀ wa, ìyá onílé. Ẹsẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n gun àtẹ̀gùn mọ́. Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń jókòó sórí àga ní ẹnu ọ̀nà wọn, tí wọ́n á kọjú sí fàráńdà wa, nítorí kò sí ohun mìíràn tí ènìyàn lè wò nínú àgbàlá náà ju ògiri àti garawa. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ rí i.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, wá wò ó. Ìtàkùn rẹ ti lóyún."

Elégédé kan ti so, kò ju ẹyin ẹyẹlé lọ. Ó so sí àárín irin iwájú àti irin ẹ̀yìn, nínú ínṣì méje yẹn. Ọ̀rọ̀ náà tàn ká ilé kí ọ̀sán tó pọ́n. Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tó bá ń lọ pọn omi á gbójú sókè. Ẹni tó bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, tí ojú rẹ̀ le bíi ti gbogbo ayé lásìkò náà, á dúró, á wo òkè, á ní, "Àbí ẹ̀yin ò rí i pé ó ti tóbi ju ti àná lọ?" Ìdílé mẹ́jọ ni wá. Mo mọ àwọn méjì nínú wọn tí wọn kì í kí ara wọn nítorí okùn ìsáṣọ. Mo rí wọn tí wọ́n dúró pọ̀, tí wọ́n ń jiyàn bóyá ó tó orí ọmọ ọwọ́ tàbí kò tíì tó. Sójà ló sọ ọ́ lórúkọ. Ẹlẹ́wọ̀n ló pè é. Tó bá jí láàárọ̀, á kí i: "Ẹlẹ́wọ̀n, ṣé wọ́n fún ọ lóúnjẹ?" Ọmọ mi á dáhùn láti òkè pé, "Wọ́n ti fún mi lómi, sà."

Màmá ní àwọn kàn fẹ́ fọwọ́ kàn án ni. Ọmọ mi ṣèlérí fún wọn.

Ó ní, "Tó bá ti gbó, èmi fúnra mi ni màá gbé e wá sórí itan yín, Màmá. Lódindi."

"Kí n tó kú ni o."

"Kí ẹ tó kú ni. Ẹ má tíì kú o, Màmá, ó ku díẹ̀."

Gbogbo èyí ń lọ, ara mi kò sì balẹ̀. Ní tèmi, nǹkan dáadáa tí gbogbo ojú ń wò kì í pẹ́. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn: tí nǹkan bá dára fún ọ, dákẹ́, fi aṣọ bò ó, jẹ́ kó gbó tán kí ayé tó rí i. N kò mọ ẹni tí mo ń bẹ̀rù nínú ilé náà, nítorí kò sí ẹni tó ṣe wá níbi rí. Ṣùgbọ́n ojú pọ̀ jù. Nítorí náà, ní ọjọ́ kan tí ọmọ náà wà nílé ìwé, mo mú rọ́bà aláwọ̀ búlúù tí mo fi ń bo irin nígbà òjò, mo ta á sí ojú fàráńdà látòkè délẹ̀. Mo so ó ní ibi mọ́kànlá. Mo sọ fún gbogbo ènìyàn pé nítorí afẹ́fẹ́ ni.

Ọmọ náà dé, ó wo rọ́bà náà, ó wọlé lọ. Nídìí oúnjẹ, ìyá rẹ̀ béèrè nǹkan dáadáa ọjọ́ náà.

Ó ní, "Kò sí."

"Kò sí báwo?"

"Mi ò rí nǹkan kan lónìí ni, mà."

Kò rí nǹkan kan ní ọjọ́ kejì. Kò rí nǹkan kan ní ọjọ́ kẹta. Mo kà á: ọjọ́ mẹ́fà. Mo sọ fún ìyàwó mi pé ara ọmọ yìí kò yá, ó yẹ ká yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ìyàwó mi wò mí bí ẹni tó ń wo ìṣirò tó ti mọ ìdáhùn rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kọ́ ló ń ṣe é, Bàbá wa."

Ní ọjọ́ keje, kò sí iná ní ṣọ́ọ̀bù, n kò sì ní epo tí mo lè fi sínú jẹnẹrétọ̀, ni mo bá tètè padà sílé. Bí mo ṣe dé ìdí àtẹ̀gùn, mo gbọ́ ohùn ọmọ mi lẹ́nu ọ̀nà Màmá. Ó ń sọ fún wọn pé tíṣà àwọn jó nínú kíláàsì nítorí pé gbogbo wọn gba ìṣirò kan, pé òun àti ọ̀rẹ́ òun pín ẹyin kan sí méjì, ó sì bọ́ sí méjì géérégé. Ó ń sọ̀rọ̀ láìmí. Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ kan ni. Màmá ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

Ó ní, "Ẹ má sọ fún Dádì o, Màmá. Wọ́n á ní ó léwu."

Màmá ní, "Ẹyin náà?"

"Ẹyin náà, mà."

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Mo ti fi irin dí ojú fèrèsé, mo ti dí fàráńdà lẹ́ẹ̀mejì, mo ti wọn orí ọmọ náà lọ́nà mẹ́ta, ó sì wá ibi tó gbà yọ. Mo tún rí nǹkan mìíràn láti ibi tí mo jókòó sí: Màmá ti yí àga wọn padà. Wọn kò kọjú sí fàráńdà wa mọ́. Ògiri ni wọ́n ń wò.

Mo gòkè, mo tú okùn mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Ewé ìtàkùn náà ti ń pọ́n, ṣùgbọ́n elégédé náà wà níbẹ̀, ó ti tóbi kọjá ohun tí mo rò. Ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí ohun tó ti ṣẹlẹ̀. Èmi tí mo máa ń wọn gbogbo nǹkan, kò wá sí mi lọ́kàn láti wọn ohun tó ń dàgbà. Mo mú tépù. Ó gba ínṣì méje láti iwájú dé ẹ̀yìn, nítorí ibi tí irin gbà á láyè dé nìyẹn. Ó wá fi ìyókù fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ínṣì mẹ́wàá. Ínṣì mẹ́rin sì ni ẹnu ọ̀nà tí mo fi sílẹ̀. Kò lè jáde síwájú, kò lè jáde sẹ́yìn.

Nígbà tí ìyàwó mi dé, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀bẹ gé e síbẹ̀, ká máa fà á jáde díẹ̀díẹ̀."

Ọmọ náà ti gòkè wá. Kò bẹ̀ mí, kò sunkún. Ó kàn ní, "Mo sọ fún Màmá pé lódindi ni," bí ẹni tó ń ka ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀, ó sì wọlé lọ.

Èmi ni mo jó irin yẹn. Mo mọ bí ọwọ́ mi ṣe le tó. Mo dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún tí mò ń ronú olè tó ní jáàkì. Lẹ́yìn náà mo lọ mú ayùn irin.

Ọ̀sán Sátidé ni a ṣe é. Mo ti ṣírò rẹ̀ sórí ìwé: irin ìta á dúró bó ṣe wà, ti inú ni màá gé, ọ̀kan péré nínú rẹ̀. Àlàfo á di ínṣì mẹ́jọ àti ààbọ̀, ibi tí elégédé náà ti tẹ́ jẹ́ ínṣì méje, a ó yí i sí ẹ̀gbẹ́, á jáde. Kò sí iná, nítorí náà ọwọ́ ni. Sójà gbọ́ ìró ayùn, ó gòkè wá pẹ̀lú apá aṣọ tó ti ká.

"Wẹ́dà, ṣé wọ́n ti dá ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀ ni?"

"Mo ń tún irin ṣe ni."

"Ṣé nítorí afẹ́fẹ́ ni?"

Mo gbé ayùn fún un. Ó gé, mo gé, ọkùnrin kan láti yàrá ẹ̀yìn náà gé. Irin náà jáde lẹ́yìn bí wákàtí kan. Ọmọ mi di elégédé náà mú, ó gbìyànjú láti yí i. Kò yí. Mo ní kó tún un ṣe. Kò yí. Nígbà náà ni mo mọ̀ pé mo ṣírò ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n mi ò ṣírò ibi tí nǹkan tó gùn ní ínṣì mẹ́wàá á ti rí àyè yíra padà nínú ínṣì méje.

Sójà nu òógùn ojú rẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó ń kọ́ gbogbo wa ní ínṣì."

A gé irin kejì. Kò sí ẹni tó bá mi wí mọ́, wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó já, ọmọ mi gé elégédé náà kúrò lára ìtàkùn, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e jáde, ó gbé e ka orí.

Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá ni. Mo ṣáájú rẹ̀, mo ń fi ẹ̀yìn rìn, mo na ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ gba bọ́ọ̀lù. Mo ní kó rọra. Mo ní kó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ní kó má wo ẹsẹ̀ rẹ̀, kó wo iwájú. Ìyàwó mi ní, "Bàbá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ panu mọ́." Ní àtẹ̀gùn kejìlá, ẹsẹ̀ ẹnì kan yọ̀. Ẹsẹ̀ mi ni. Mo fi ìdí jókòó, ọmọ náà sì gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá láìdúró, ọrùn rẹ̀ nà ṣánṣán.

Ó gbé e sórí itan Màmá. Wọ́n fi ọwọ́ pa á lára láti ìdí dé orí. Nígbà tí ọwọ́ wọn dé ibi tí irin ti tẹ̀ ẹ́ wọnú, wọ́n dúró síbẹ̀, wọ́n tọ ipa rẹ̀ látòkè délẹ̀.

Wọ́n ní, "Wo bí bàbá rẹ ṣe kọlà fún un."

Sójà ní, "Pélé ni àbí àbàjà, Màmá?"

"Pélé ni. Ó tún kọ ọ́ dọ́gba. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, a ò lè purọ́."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín débi pé ẹni tó wà nínú ilé ìwẹ̀ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo fẹ́ pín elégédé náà sí mẹ́jọ pẹ̀lú tépù. Ìyàwó mi gba tépù lọ́wọ́ mi, ó mú ọ̀bẹ, ó pín in. Èyí tó tóbi jù bọ́ sọ́wọ́ Màmá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òórùn kan náà ń jáde láti ẹnu ọ̀nà mẹ́jọ.

Nídìí oúnjẹ, wọ́n kọjú sí mi. Mo ní, "Lónìí, Màmá yí àga wọn padà sí ọ̀dọ̀ wa."

Ọmọ náà rò ó wò. Ó ní, "Ó wọlé." Ìyá rẹ̀ ṣí ìdérí.

Mo ní màá jó irin méjèèjì padà ní ọjọ́ Ajé. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ Ajé ti kọjá. Irin náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ìkọ̀ọ̀kan gùn ní ínṣì mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo ń wọn àlàfo náà ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, bóyá ó ti fẹ̀ sí i. Ínṣì mẹ́tàlá ni. Irin ìta ṣì wà, mo ti mì í wò.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ náà dé ìdí oúnjẹ, kò tilẹ̀ jẹ́ kí ìyá rẹ̀ béèrè.

Ó ní, "Dádì, òmíràn ti so."

"Níbo?"

"Níbi kan náà. Ní àárín irin."

Ẹnu mi ti ṣí. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló wà níbẹ̀, mo mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: irin, oyin, afẹ́fẹ́, ojú. Ọmọ náà ń wò mí, ìyá rẹ̀ ń wò mí. Mo mú ife omi, mo mu ún títí ó fi tán.

Mo ní, "Ṣé Màmá ti gbọ́?"

Ó ní, "Àwọn ni wọ́n fi hàn mí."